Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Gùn Sọ̀kalẹ̀ Láti Òkè Afọ́rúnkún

Ẹ fún mi láyè kí n jókòó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ògúndípẹ̀, ará Ìdófin-Òkè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í purọ́ ju bó ti yẹ lọ. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́sàn-án, mo ti pa ìkookò tí n kò kà, mo sì ti bá ẹ̀dá kan tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà; òun ló tilẹ̀ jẹ ẹran tán. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹran lónìí. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo rí ọ níbẹ̀ yẹn, ìwọ tí o fi ọwọ́ bo ẹnu tí ò ń rẹ́rìn-ín. Máa rín in lọ. Bí o bá mọ bí a ti ń yan kẹ̀kẹ́ fún ọ̀nà igbó tó dagẹ̀rẹ̀ tó sì kún fún àpáta àti gbòǹgbò, dìde wá gba ìjókòó mi, kí èmi náà wá gbọ́ tìrẹ.

Ohun tó gbé mi dé ìdí kẹ̀kẹ́ nìyí. Ìbídùn ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ tutù. Ní ọjọ́ kẹfà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìlá, èémí rẹ̀ ti kéré débi pé ìyá rẹ̀ ń gbé ìyẹ́ adìyẹ sí ihò imú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Mo lọ pe Ìyá Ṣíjúwadé tó ń ta egbòogi ní àdúgbò wa. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ dídùn fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn Ìbídùn, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó wá kọjú sí mi.

"Ọdẹ́jìnmí, n kò ní tàn ọ́. Ewé amárají nìkan ló kù."

"Ibo la ti ń rí i, ìyá?"

"Orí Òkè Afọ́rúnkún. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń já a, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá já a náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un sí aláìsàn lẹ́nu, kí oòrùn tó wọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ kí o tó dé, mú un wá fún mi kí n fi se ọbẹ̀, torí kò ní wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òkè Afọ́rúnkún, ẹ ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀. Bí ọdẹ tó lágbára bá kúrò lórí òkè náà láàárọ̀, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni yóò dé Ìdófin-Òkè. Ọdẹ mẹ́ta ló ti já ewé yìí fún èèyàn wọn kí n tó gbọ́njú, ewé ọbẹ̀ ni gbogbo wọn gbé délé. Ẹṣin kò lè gùn ún. Alùpùpù kò lè gba àárín àpáta rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè gbé alùpùpù rù níbi tí kò ti lè kọjá. Nǹkan tí èèyàn lè gbé sí èjìká bó bá ń gòkè, tí nǹkan ọ̀hún sì lè gbé èèyàn bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ nìkan ni. Mo sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko láti ìgbà tí n kò tíì ní irùngbọ̀n.

Bí mo ti di ẹrù àti bí mo ti jẹun kí n tó jáde, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì tí mo ti ń rìn, mo dé ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí Olórúnkún-Mẹ́rin ń gbé. Bàbá arúgbó kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, ṣùgbọ́n orúnkún méjì ló wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kọjú síwájú, ọ̀kan kọjú sẹ́yìn. Tó bá jókòó, àfi bí ìgbà tí wọ́n ká àga pọ̀. Orí igi ni ó ń so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́, gbogbo ẹ̀ka ló kún. Mo ti bá ẹranko pàdé tó bú mọ́ mi tí n kò mira, ṣùgbọ́n àwọn orúnkún yẹn jẹ́ kí n dúró lókèèrè díẹ̀.

"Ọdẹ, kú ìrìn," ó ní. "Kẹ̀kẹ́ lo wá yá ni, tàbí orúnkún lo mú wá fún mi?"

"Ẹ kú ìjókòó, baba. Kẹ̀kẹ́ ni."

"Gígòkè lo fẹ́ kó bá ọ ṣe, tàbí sísọ̀kalẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Baba, ẹni tó bá gun Òkè Afọ́rúnkún dé òkè, ṣé sísọ̀kalẹ̀ ni yóò wá ṣòro fún un?"

Ó fi ọwọ́ na orúnkún méjì tó kọjú sẹ́yìn, ó ní, "Ohun tí ẹni tó ni méjì yìí tẹ́lẹ̀ sọ fún mi gan-an nìyẹn. Ọdẹ ni òun náà. Orúnkún rẹ̀ dára, kò dùn mí rí."

Mo wá rò ó dáadáa. Ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo ní láti fi gòkè, kò sì sí ẹni tó ń lé mi. Ìgbà tí ewé bá ti wà lọ́wọ́ mi ni ìyára yóò di dandan. Mo ní, "Sísọ̀kalẹ̀ ni, baba. Ẹ má bínú." Ó mi orí, ó dìde, ìdìde yẹn gbà á ní àkókò díẹ̀ nítorí orúnkún tó pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ń yan nǹkan. Bí mo bá fẹ́ ra ajá ọdẹ, n kì í wo irun rẹ̀. Mo máa ń tẹ egungun ìhà rẹ̀, mo máa ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì máa ń gbé e sókè kí n mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sí kẹ̀kẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ já sílẹ̀ ń dán, ìka kan lo lè fi gbé e, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gún kan ṣoṣo yóò parí ayé rẹ̀. Òmíràn tóbi, sípíríǹgì wà níwájú rẹ̀, sípíríǹgì wà lẹ́yìn, ìjókòó rẹ̀ rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gbòòrò débi pé àyà mi ṣí nígbà tí mo dì í mú. Mo fẹ́ràn ìyẹn, n kò ní purọ́. Mo gbé e sí èjìká, mo rìn yí igi ká lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìyẹn dé orí Afọ́rúnkún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò nílò ewé amárají.

Èyí tó ti pẹ́ jù lórí igi ni mo wá mú. Kò lẹ́wà rárá, àwọ̀ ẹrẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní eyín gbàgìgbagi. Iwájú nìkan ni sípíríǹgì wà, èyí tó mú kó fúyẹ́ fún èjìká. Ìjókòó rẹ̀ ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí ìdí èèyàn lè wà lẹ́yìn bí ọ̀nà bá dagẹ̀rẹ̀, kó má bàa fi orí lọ. Àwo irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, búréèkì á sì há àwo náà mọ́ bí ẹni fi eyín há eegun. Bàbá náà ní kí n dúró la irin àárín rẹ̀ kọjá. Ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín irin náà àti ibi tí ọkùnrin kì í fẹ́ kí irin kan òun. Ìka mẹ́rin ni. Ó ní, "Tìrẹ nìyẹn." Bí mo ti tì í díẹ̀ tí mo fún búréèkì, kẹ̀kẹ́ náà han, ó han débi pé ẹyẹ kúrò lórí igi.

"Baba, ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe sí igbe yìí?"

"Àwọn tó ń délẹ̀ kì í bi mí bẹ́ẹ̀," ó ní.

Itan ẹtu yíyan kan ló gbà lọ́wọ́ mi, ó sì fi àdéhùn kan lé e. Bí mo bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kúrò lórí òkè náà, orúnkún mi méjèèjì di tirẹ̀. Mo ní kò burú. Nígbà yẹn mo gbẹ́kẹ̀ lé ara mi gan-an ni.

Mo gùn ún níbi tí ó ṣeé gùn, mo gbé e níbi tí kò ṣeé gùn. Mo dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, ó sì ń gbá gbòǹgbò mú bí ẹni pé ó ní èékánná. Ní ìdajì ọ̀nà, mo dé ibi tí àpáta méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ìyá àgbà kan jókòó síbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti àpáta kan, ó na ẹsẹ̀ ti èkejì. Mo kí i, ó dáhùn. Ó ní, "Ìbejì méjì ń sáré láti àárọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn kò lé èyí tó wà níwájú bá rí, síbẹ̀ wọ́n jọ ń délé lọ́jọ́ kan náà. Sọ wọ́n fún mi." Mo ní oòrùn àti òṣùpá ni. Ó ká ẹsẹ̀ kò díẹ̀, àpáta méjèèjì sì sún mọ́ ara wọn. Mo ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó tún ká ẹsẹ̀ kò. Òógùn bò mí, mo fi orí lé kẹ̀kẹ́ láti sinmi, ibẹ̀ ni mo ti rí táyà méjèèjì. Mo pariwo pé, "Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni, ìyá!" Ó rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀, mo sì kọjá. Àlàfo tó kù láàárín ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi àti àpáta kò ju ìka kan lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ gbòòrò yẹn ni mo mú ni, ibẹ̀ ni ẹ̀ bá ti máa wá kí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dé orí òkè. Àgbọ̀nrín bíi ogún ló ń jẹko níbẹ̀, tọkọtaya tọmọtọmọ. N kò tilẹ̀ fẹ́ yìnbọn, kí n kàn rọra wò wọ́n ni. Mo fi ọwọ́ kan búréèkì láti dúró, ó han, orí òkè sì ṣófo, kò ku ẹyọ kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣọdẹ, kò sí ẹranko tó gbọ́ ẹsẹ̀ mi rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa ní èmi kò lẹ́sẹ̀, atẹ́gùn ló ń gbé mi. Bí mo bá wọlé, ìyàwó mi kì í mọ̀, àfi kó yíjú kó rí mi. Ojú tì mí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó rí mi. Mo mú òróró tí mo fi ń pa ìbọn, mo fi pa àwo irin náà níwájú àti lẹ́yìn, mo fi pa ẹnu búréèkì tó ń há a mọ́ pẹ̀lú, mo tún un pa. Mo tì í, kò dún. Inú mi dùn, mo sùn dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti ń mi orí. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Èmi kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo já ewé amárají, abẹ́ rẹ̀ pọ́n. Mo fi aṣọ tútù wé e, mo so ó mọ́ àyà. Mo rẹ ìjókòó sílẹ̀, mo gbé ìdí sẹ́yìn, mo sì jẹ́ kó lọ. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kìíní, mo fún búréèkì, kò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Mo fún un títí ọwọ́ mi fi ro mí, ńṣe ni àwo irin ń yọ̀ lọ. Inú igbó ni mo bá ara mi, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Ẹnìkan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ọ̀kan." Olórúnkún-Mẹ́rin ni, ó ń fi orúnkún mẹ́rin sáré láàárín igi, kò tilẹ̀ mí helehele. Mo rò pé èmi ni n kò fún un tó. Mo tún gùn ún. Níbi tí gbòǹgbò ti ṣe bí àtẹ̀gùn, kẹ̀kẹ́ náà fò kọjá mẹ́ta, ó sì dà mí nù sí orí ìkẹrin. "Méjì," ó ní, ó sì yọ ọ̀bẹ kékeré kan láti inú irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nù ún.

Mo tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí oòrùn ń lọ. Ibi tí ọ̀nà ti ya sí òsì ni mo ti rí i pé òfuurufú ló wà níwájú táyà mi. N kò ronú. Mo fa ìbọn yọ lẹ́yìn, mo di ẹnu rẹ̀ mú, mo fi ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó wọ́ ilẹ̀ gbuurugbu, iná ta lára òkúta, igi ìdí ìbọn tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sì ya sí méjì. A dúró. Táyà iwájú ti wà lójú òfo, ó ṣì ń yí. Olórúnkún-Mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ó wò mí lábẹ́.

"Ìdí rẹ ṣì wà lórí ìjókòó," ó ní. Inú rẹ̀ kò dùn.

"Baba, kí ló ṣe búréèkì yín?"

"Búréèkì mi kẹ̀? Fi ọwọ́ kàn án, kí o gbóòórùn rẹ̀."

Mo fi ọwọ́ kàn án. Òórùn ìbọn ara mi ni mo gbọ́. Irin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti há nǹkan mọ́, èmi ni mo fi òróró pa á lẹ́nu kó má bàa dún. Oòrùn ti dé àárín orí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, kì í sì í ṣe nítorí orúnkún. Ìyẹ́ adìyẹ tó wà ní ihò imú Ìbídùn ni mo ń rí.

Odò kékeré kan wà nítòsí. Mo tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo tú ẹnu búréèkì. Mo fi ẹ̀tù ìbọn dá iná, mo fi eérú àti omi fọ àwo irin náà títí kò fi yọ̀ mọ́. Ẹnu búréèkì ni mo ha lórí òkúta ṣákiṣàki, mo yan án lórí iná títí èéfín òróró fi tán lára rẹ̀, mo tún un ha. Ọdẹ tó ń yan búréèkì lórí iná! Olórúnkún-Mẹ́rin jókòó tì mí, ó ń wò mí. Ìgbà tí mo tò ó tán, oòrùn ti kúrò lórí mi, ó ti bọ́ sí èjìká.

Mo gùn ún, mo fún búréèkì. Ó han. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ti àná kò tó nǹkan kan. Igbe náà lọ dé òkè kejì, ó sì padà wá bá mi. Ṣùgbọ́n ó dúró. Bí mo bá fún un díẹ̀, ó dín ìyára kù. Bí mo bá fún un tán, ó dúró pátápátá. Mo wá mọ ọ̀nà náà sọ̀ bí mo ti fẹ́, mò ń fi iwájú wá ọ̀nà, mò ń fi ẹ̀yìn dúró, ó ń han ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àgbọ̀nrín sá, ẹfọ̀n sá, ẹ̀dá kan tó ní orí mẹ́ta fi ọwọ́ méjèèjì di etí méjì, ó ń wá ọwọ́ tí yóò fi di mẹ́rin yòókù. Ìyá àgbà àárín àpáta ti gbọ́ mi láti òkèèrè; ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́, ó na ọwọ́ pé kí n tètè kọjá. Olórúnkún-Mẹ́rin bá mi sáré dé ìsàlẹ̀ òkè, ó fi irùngbọ̀n di etí. Mo fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà fún un.

"Gbé e lọ!" ó pariwo. "Gbé ariwo rẹ délé, ọdẹ. Mo fẹ́ sùn."

Òkè mẹ́ta ló kù kí n tó délé, búréèkì han ní gbogbo wọn. Oòrùn ti kan orí igi nígbà tí mo wọ agbo ilé. Ìyá Ṣíjúwadé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ewé náà, kò kí mi. Ó fún un sí Ìbídùn lẹ́nu ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi wọ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo ń sunkún, n kò bo ojú.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni ó la ojú. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, mo sì rò pé kò dá mi mọ̀.

"Bàbá Ọdúnayọ̀," ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ kékeré lọ, "kí lẹ gùn wálé lánàá?"

"Kẹ̀kẹ́ ni."

"Mo gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ máa ń wọlé bí olè? Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi, bí ẹ bá ti lọ sígbó, mo máa ń tẹ́tí sílẹ̀ fún yín, n kì í gbọ́ nǹkan kan. N kì í mọ̀ bóyá ẹ ń bọ̀ tàbí ẹ ti kú, títí màá fi ṣàdédé rí yín lẹ́nu ọ̀nà, tí àyà mi á já. Lánàá, mo ti ń lọ. Ọ̀nà náà dùn, kò sí ìrora níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ nǹkan tó ń han láti orí òkè kẹta. Mo ní, ọkọ mi ló ń bọ̀ nì. Ẹ jẹ́ kí n dúró dè é."

Èmi tí mo ti ń fi àìdún ẹsẹ̀ mi yangàn fún yín láti ọdún wọ̀nyí wá, n kò bi í rí bí ó ti rí fún ẹni tó wà nínú ilé.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé.